Síkírìnì tó ń dúdú lórí Zoom: ìdáhùn fún tíṣà kan tó ń lo Ubuntu

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bọ̀dá kọ̀ǹpútà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Òṣogbo. Gbogbo Sátidé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa kan tó wà ní London ní èdè Yorùbá lórí Zoom. Láptọ́ọ̀pù mi ti dàgbà, Windows tó wà lórí ẹ̀ ń falẹ̀ jù, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá bá mi yọ ọ́ kúrò, ó fi Ubuntu síbẹ̀, àtìgbà yẹn ló ti ń yá nílẹ̀. Wọ́n ń rí ojú mi, wọ́n ń gbọ́ ohùn mi, àmọ́ tí mo bá ní kí n fi ìwé A B D tí mo tẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n á ní dúdú làwọn ń rí, pé máòsì nìkan ló ń rìn káàkiri. Ẹnì kan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹnì kan ní kí n lọ fi sọ́fítíwíà tó ń ṣíà síkírìnì síbẹ̀, mo rí ọ̀kan nínú fídíò kan, wọ́n ní kí n kọ páásíwọ́ọ̀dù mi sí i, ẹ̀rù bà mí, mo fi í sílẹ̀. Ẹlòmíì ní kí n dá Windows padà, kí n yéé ṣe oríkunkun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi, mà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó tí wọ́n wá ń ka A B D lẹ́nu yín ní Sátidé, iṣẹ́ yín ò ní já sí asán láṣẹ Èdùmàrè. Torí náà mi ò ní fi ìlà méjì dá yín lóhùn, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú láptọ́ọ̀pù yẹn kí ẹnikẹ́ni má bàa tún já yín láyà. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, ohùn ń lọ, ìwé nìkan ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ibi tó yẹ kó wà dúdú kirikiri, máòsì sì ń rìn nínú òkùnkùn yẹn. Máòsì yẹn gan-an ni mo dì mú nínú gbogbo àlàyé yín, òun ló jẹ́ kí n mọ ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò láìtíì fojú kan láptọ́ọ̀pù.

Ẹni tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mi ò bá a wí, torí nílẹ̀ wa níbí òun la máa ń kọ́kọ́ fura sí, àmọ́ kò jẹ̀bi lọ́tẹ̀ yìí. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, ohùn á máa já, ojú á gan sójú kan, ìwé á máa wá díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà á ṣú, ẹ ò ní rí i kó dúdú látìbẹ̀rẹ̀ dópin kí máòsì wá máa rìn geere nínú ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ ni pé ṣíà síkírìnì kì í jẹ dátà tó ojú èèyàn. Zoom fúnra wọn kọ ọ́ pé síkírìnì tí wọ́n ṣíà láìsí ojú ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń gba bíi 50 sí 75 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí fídíò ojú tó mọ́ láàárín èèyàn méjì ń gba bíi 600. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá lè gbé ojú yín dé London, kò sí bí ò ṣe ní lè gbé ojú ìwé kan ṣoṣo.

Ẹni tó ní kí ẹ lọ wá sọ́fítíwíà míì ló ṣì yín lọ́nà jù. Zoom ti ní i nínú, Google Meet ní i nínú, Jitsi náà ní i nínú, bọ́tìnì tí wọ́n kọ "Share Screen" sí tí ẹ ń tẹ̀ yẹn náà ni, kò sí òmíràn tí ẹ máa lọ rà tàbí lọ dáńlóòdù. Ẹ̀rù tó bà yín nídìí fídíò yẹn, ẹ̀rù gidi ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ máa ń ní kí èèyàn da ìlà gígùn kan kọ sínú Terminal, ìyẹn wíńdò tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ìlà ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú curl, á parí sí sudo bash, ohun tí ẹ ń sọ fún láptọ́ọ̀pù yín níbẹ̀ ni pé kó lọ gbé ohunkóhun tí àjèjì kan bá kọ síbì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá, kó má kà á, kó ṣáà máa ṣe é pẹ̀lú agbára ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá ní kí ẹ fi AnyDesk tàbí TeamViewer síbẹ̀. Àwọn yẹn fúnra wọn kì í ṣe jìbìtì o, ojúlówó ni wọ́n, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni kí ẹlòmíì lè di láptọ́ọ̀pù yín mú látọ̀nà jíjìn, kó máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú, àwọn gbájúẹ̀ sì fẹ́ràn wọn gan-an torí ìyẹn. Ìwé A B D ò nílò gbogbo ìyẹn.

Ó yá, ká wá sídìí ọ̀rọ̀. Lórí Linux, ìyẹn ìdílé tí Ubuntu yín ti wá, ètò kan wà lábẹ́lẹ̀ tó ń gba àwòrán Zoom, ti Firefox, ti LibreOffice tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, tó ń tò gbogbo ẹ̀ sójú síkírìnì kan ṣoṣo tí ẹ ń wò. Èyí tí wọ́n ti ń lò látọjọ́ pípẹ́ ni X, MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1984, X11 tó wá gbòde jáde ní 1987. Ẹ mọ ilé fésì-mí-áì-fésì-yú, níbi tí kálukú ti mọ ọbẹ̀ tí aládùúgbò ẹ̀ ń sè, tí ẹni tó bá ti wọ kọ́rídọ̀ lè yọjú wo yàrá ẹnikẹ́ni: bí X11 ṣe rí nìyẹn. Ápù tó bá ti wọlé lè wo gbogbo síkírìnì láìtọrọ àyè lọ́wọ́ yín, ó tiẹ̀ lè máa wo ohun tí ẹ ń tẹ̀ sínú ápù míì, títí kan páásíwọ́ọ̀dù báńkì. Ìdí tí ṣíà síkírìnì fi rọrùn láyé ìgbà yẹn náà ni ìdí tó fi léwu. Ní 2008 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ Wayland, tó jẹ́ pé níbẹ̀ kálukú ló ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀, Zoom ń rí wíńdò ara ẹ̀ nìkan, kò mọ ohun tí LibreOffice ń ṣe nítòsí, tó bá fẹ́ rí i, àfi kó tọrọ àyè, kí ẹ̀yin tí ẹ ni láptọ́ọ̀pù fọwọ́ sí i.

Zoom àtijọ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àyè yẹn. Yàrá X11 kékeré kan wà tí Ubuntu fi sílẹ̀ fún àwọn ápù ayé àtijọ́ kí wọ́n má bàa kú, XWayland lorúkọ ẹ̀, ibẹ̀ ni ápù bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Tí ẹ bá wá tẹ "Share Screen", á yọjú bó ṣe máa ń yọjú látijọ́, kò ní rí ìwé yín torí ìwé yín ò sí nínú yàrá yẹn, òfìfo ló máa rí, òfìfo náà ló sì máa gbé fún àwọn ọmọ. Máòsì nìkan ni Zoom ṣì máa ń rí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹ bàjẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín náà ò bà á jẹ́. Àwọn tó ṣe Ubuntu fúnra wọn kọsẹ̀ lára òkúta yìí. Ubuntu 17.10 tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Wayland síwájú nínú ẹ̀, nígbà tí 18.04 fẹ́ jáde wọ́n dá a padà sí Xorg, tó jẹ́ X11 náà ni, ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n kọ síta ni pé lábẹ́ Xorg ni ṣíà síkírìnì ti ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn bíi Skype àti Hangouts. Ọdún 2021, nínú Ubuntu 21.04, ni wọ́n tó tún gbé Wayland padà síwájú.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n láyà láti gbé e padà ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọrọ àyè ti délẹ̀. Èyí tó ń béèrè lọ́wọ́ yín ń jẹ́ xdg-desktop-portal, èyí tó ń ru àwòrán láti síkírìnì lọ fún Zoom ń jẹ́ PipeWire, Wim Taymans tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Red Hat ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti wà nínú Ubuntu 22.04 àti 24.04 látilé, ẹ ò ní wá wọn lọ síbì kankan. Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí: ẹ tẹ "Share Screen", Ubuntu fúnra ẹ̀ á gbé àpótí kékeré kan wá síwájú yín, á ní gbogbo síkírìnì ni ẹ fẹ́ fi hàn àbí wíńdò kan, ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ "Share", àmì kan tó ní àwọ̀ ọsàn á jáde lókè lápá ọ̀tún síkírìnì, ìyẹn ń sọ fún yín pé wọ́n ń wò yín báyìí. Ẹ fi àmì yẹn sọ́kàn. Tí àpótí yẹn ò bá yọjú rárá, tí Zoom kàn bẹ̀rẹ̀ sí ṣíà lójijì láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Ubuntu, a jẹ́ pé Zoom àtijọ́ ni.

Ibi tí mo ń fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ tiyín nìyẹn. Lọ́dún 2022 ni Zoom ti Linux tó bẹ̀rẹ̀ sí lo PipeWire. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé kí Zoom máa ya fọ́tò síkírìnì léraléra bí ẹni ń ya páásípọ́ọ̀tù, GNOME, tó ń ṣètò ojú síkírìnì Ubuntu, wá ti ọ̀nà yẹn pa ní 2021 torí ààbò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé Zoom tí wọ́n dáńlóòdù láti zoom.us, tó jẹ́ fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí .deb, Ubuntu kì í bá yín ọ́pídéètì ẹ̀. Ẹ lè máa rí i tí Ubuntu ń ní òun fẹ́ ọ́pídéètì nǹkan lójoojúmọ́, ẹ ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rò pé Zoom wà nínú ẹ̀, kò sí níbẹ̀. Zoom tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín gbé síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún náà lẹ ṣì ń lò títí dòní, àyàfi tí ó bá gba ibòmíì gbé e wá.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí láptọ́ọ̀pù yín ń lò. Ẹ ṣí Settings, tó bá jẹ́ Ubuntu 24.04 ẹ wọ System kí ẹ tó wọ About, kí ẹ wá tẹ "System Details", tó bá jẹ́ 22.04 About wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Windowing System" sí, ẹ máa rí Wayland tàbí X11 níwájú ẹ̀. Tó bá jẹ́ Wayland, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látòkè wá yìí kàn yín. Tó bá jẹ́ X11 tó sì tún ń dúdú, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, màá kàn án nísàlẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbà, tí ò ní gba páásíwọ́ọ̀dù kankan lọ́wọ́ yín, ni búráúsà. Firefox tó wà lórí Ubuntu yín mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àyè dáadáa, Chrome tuntun náà mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá tẹ líǹkì Zoom, ẹ má jẹ́ kó ṣí ápù, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé yẹn, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ "Join from your browser" sí, wọ́n máa ń kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré bí ẹni tí ò fẹ́ kí èèyàn rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ni kíláàsì náà lè wọlé sí àkáǹtì yín lórí zoom.us kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látinú búráúsà. Ohun kan wà tó máa ń da èèyàn láàmú níbi yìí tí mi ò fẹ́ kó dà yín láàmú: nígbà míì Chrome á bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn, ẹ dáhùn, Ubuntu á tún gbé àpótí tiẹ̀ wá, á bi yín ní ìbéèrè kan náà. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé àṣìṣe ni, wọ́n á tẹ "Cancel" sí èkejì, gbogbo ẹ̀ á wá dàrú. Ẹ dáhùn ẹlẹ́ẹ̀kejì náà bí ẹ ṣe dáhùn àkọ́kọ́, á ṣiṣẹ́. Àléébù búráúsà ni pé kì í ní gbogbo nǹkan tí ápù ní, láptọ́ọ̀pù tó ti dàgbà sì lè máa gbóná sí i tí fídíò ojú àwọn ọmọ bá pọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ràn ápù Zoom ju búráúsà lọ, ẹ gba tuntun. Ẹ lọ sí zoom.us/download fúnra yín, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ orúkọ yẹn sókè, ẹ má tẹ líǹkì tí ẹlòmíì fi ránṣẹ́. Ẹ yan Ubuntu, fáìlì tó ń jẹ́ zoom_amd64.deb á bọ́ sínú fódà Downloads. Ẹ ṣí Terminal, ẹ kọ cd Downloads, ẹ tẹ Enter, ẹ wá kọ sudo apt install ./zoom_amd64.deb, ẹ tún tẹ Enter. Àmì ìdánudúró àti ìlà dídagun tó wà níwájú zoom yẹn ṣe pàtàkì o, òun ló ń sọ fún un pé fáìlì inú fódà yìí ni, láìsí i, á ní òun ò rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Á béèrè páásíwọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù yín, tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò ní hàn lójú síkírìnì, àmì kankan ò ní yọ, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán kí ẹ tẹ Enter. Ẹ lè wá bi mí pé ṣebí mo ní kí ẹ má kọ páásíwọ́ọ̀dù fún fídíò ẹlẹ́ẹ̀kan yẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ mọ ibi tí fáìlì yìí ti wá, ẹ sì rí orúkọ ohun tí ẹ ń fi síbẹ̀, ti fídíò yẹn, ẹ ò mọ èyí ẹ ò mọ tọ̀hún. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pa Zoom pátápátá kí ẹ tún un ṣí, ẹ wọ Settings inú ẹ̀, ẹ lọ sí "Share Screen", ẹ tẹ "Advanced", ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti dárúkọ Wayland, ẹ yan PipeWire. Ẹ fi í sọ́kàn pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ máa ní láti lọ gbé tuntun wá bẹ́ẹ̀, torí kò ní ọ́pídéètì ara ẹ̀.

Ẹ lè rí Zoom nínú App Center Ubuntu náà, ó rọrùn láti tẹ̀, ó sì máa ń ọ́pídéètì ara ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe iléeṣẹ́ Zoom ló gbé e síbẹ̀, àwọn olóore kan ló ń bá wọn dì í, àti pé inú àhámọ́ ló wà, nígbà míì ó lè má rí kámẹ́rà tàbí fáìlì yín àyàfi tí ẹ bá fún un láyè nínú Settings. Èmi ò sọ pé kò dára, àmọ́ fún ìyá tó ń kọ́ ọmọ láti ilé, èyí tó wá láti zoom.us ló máa yọ yín nínú wàhálà jù.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ á tọ́ka sí, ó sì ń ṣiṣẹ́: kí ẹ padà sí X11. Tí Ubuntu bá ní kí ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ń tàn án, ẹ tẹ orúkọ yín, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, àmì kan wà níbẹ̀ tó rí roboto tó ní eyín yíká, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan "Ubuntu on Xorg", kí ẹ wá wọlé. Zoom àtijọ́ yẹn á rí ìwé yín lójú ẹsẹ̀. Tí Sátidé bá ku ọ̀la tí nǹkan kan ò sì ṣiṣẹ́, ẹ ṣe é, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ilẹ̀kùn tí Wayland tì fún yín, ẹ ti ṣí i padà nìyẹn, àti pé Ubuntu 25.10 tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2025 ti yọ àyè yẹn kúrò, kò sí níbẹ̀ mọ́. Tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá bá yín gbé Ubuntu tuntun wá lọ́jọ́ kan, ẹ máa padà sídìí ọ̀rọ̀ yìí náà ni.

Ẹni tó ní kí ẹ dá Windows padà ńkọ́? Mi ò ní bú Windows, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, Zoom sì máa ń kọ́kọ́ tún tiẹ̀ ṣe kó tó kan Linux, òótọ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo láptọ́ọ̀pù yín. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 sì ń béèrè fún nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 àti ẹ̀rọ tí kò tíì dàgbà jù, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa ni kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ìyẹn ni pé wọ́n ń ní kí ẹ padà sórí ohun tó ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì tún ti dèyí tí wọn ò tún ààbò ẹ̀ ṣe bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, nítorí bọ́tìnì kan ṣoṣo. Èmi ò ní ṣe é.

Tí ẹ bá ń wá ibòmíì tó yàtọ̀ sí Zoom, Google Meet ń ṣiṣẹ́ nínú Firefox àti Chrome láìfi nǹkan kan sórí láptọ́ọ̀pù, bẹ́ẹ̀ náà ni Jitsi Meet, tí òun fúnra ẹ̀ jẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ bíi Ubuntu. Lórí meet.jit.si, àti oṣù Kẹjọ 2023 ni ẹni tó bá fẹ́ ṣí yàrá ti ní láti fi àkáǹtì bíi ti Google wọlé, àwọn ọmọ ò nílò àkáǹtì kankan, kò sì ní já yín lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú bí Zoom ọ̀fẹ́ ṣe máa ń já. Meet ọ̀fẹ́ ń fún èèyàn mẹ́ta sókè ní 60 ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n tí àwọn òbí bá ti mọ Zoom lára, tí àwọn ọmọ mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa kó wọn kiri.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa ṣíà nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì wù mí kí ẹ fara balẹ̀ sí jù torí Yorùbá lẹ ń kọ́ wọn. Ẹ má máa ṣíà gbogbo síkírìnì, ẹ ṣíà wíńdò ìwé yẹn nìkan, kí àlẹ́ẹ̀tì báńkì àti ọ̀rọ̀ ẹbí lórí WhatsApp má bàa jáde lójú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ wá wo lẹ́tà yín: tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá rẹlẹ̀, Zoom á fún àwòrán pọ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọnù ni àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, àmì orí á tẹ̀ lé e. Ọmọ á máa wo "oko" nígbà tí ẹ kọ "ọkọ̀" fún un, ẹ ò sì ní mọ̀ torí lójú tiyín ó mọ́ gaara. Ẹ fi lẹ́tà sí 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún lójú ìwé kan, dúdú lórí funfun. Ẹ má sì mú ibi tí wọ́n kọ "Optimize for video clip" sí nínú Zoom fún ìwé, torí ó máa ń fi mímọ́ lẹ́tà tọrẹ kí fídíò lè máa rìn geere, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi fídíò hàn wọ́n nìkan ni kí ẹ mú un. Tó bá jẹ́ orin ni ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́, nínú ápù Zoom ẹ mú "Share sound". Nínú Chrome, táàbù tí orin yẹn wà ni kí ẹ ṣíà, torí lórí Linux táàbù ló dájú jù pé á gbé ohùn dání. Firefox kì í gbé ohùn lọ rárá, ẹ má fi wákàtí kan wá a nínú Settings ẹ̀.

Ẹ má dúró de Sátidé kí ẹ tó dán an wò. Ní Tọ́sidé tàbí Fúráìdé, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì yín lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ fi fóònù yín tẹ líǹkì kan náà kí ẹ wọlé bí ọmọ iléèwé, ẹ pa ohùn fóònù kó má bàa máa han, ẹ wá ṣíà ìwé yẹn. Ohun tí ẹ bá rí lójú fóònù lohun tí àwọn ọmọ máa rí ní London. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá wà nítòsí kà á sókè látorí fóònù, tó bá ka àwọn lẹ́tà tó ní àmì abẹ́ dáadáa, ó ti tó.

Ibi tí agbára mi mọ nìyí, mà. Mi ò rí láptọ́ọ̀pù yín, àlàyé tí ẹ ṣe ni mo ń tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ pé X11 lẹ bá nínú Settings tó sì ń dúdú síbẹ̀, ó lè jẹ́ káàdì àwòrán, pàápàá tí Nvidia bá wà nínú ẹ̀, ìyẹn ò ṣeé tún ṣe látọ̀nà jíjìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Tó bá jẹ́ Wayland, tí Zoom tuntun àti búráúsà kọ̀ láti gbé àpótí yẹn wá, ẹ kọ́kọ́ pa láptọ́ọ̀pù kí ẹ tún un tàn, torí xdg-desktop-portal máa ń sùn lọ nígbà míì, pàápàá tí ẹ bá kàn ń pa ojú ẹ̀ dé tí ẹ kì í pa á pátápátá. Tó bá tún kọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi padà, ẹ sọ ẹ̀yà Ubuntu tó wà nínú About, ohun tó wà níwájú "Windowing System", ẹ̀yà Zoom yín, àti bóyá àpótí Ubuntu yọjú àbí kò yọjú. Ẹ má fi páásíwọ́ọ̀dù kún un o, mi ò nílò ẹ̀.